Ta Ni Ó Pa Àwọn Ará Strokestown?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ)

Ọ̀rọ̀ ìyàn ni a gbé wá. Kì í ṣe ìyàn ilé wa o. Ìyàn tí ó mú ní ilẹ̀ Írẹ́lándì láti ọdún 1845, tí kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí ó fi di nǹkan bí ọdún 1851 ni. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa wí nínú ọkàn wọn pé, “Èwo ni ti àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú nínú ebi tí ó pa Òyìnbó?” Ẹ jẹ́ kí a dáhùn ìyẹn ná kí a tó wọ inú ìtàn.

Púpọ̀ nínú wa ni ó rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo Òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn fádà àti àwọn sísítà tí wọ́n ti Írẹ́lándì wá, tí wọ́n kọ́ àwọn baba wa ní ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ Àgùdà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Oǹdó, ọmọ ilẹ̀ tí a fi ogun gbà ni wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá jọba lé wa lórí ti jọba lé àwọn baba ńlá tiwọn lórí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ó tó gúnlẹ̀ sí Èkó. Nígbà tí ìyàn náà fi mú, Írẹ́lándì kò tilẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀ mọ́; láti ọdún 1801 ni a ti so ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lọ́ńdọ̀nù ni a sì ti ń ṣe òfin fún un. Bí ìjọba àjèjì ti ń ṣe nígbà tí ebi bá dé bá àwọn tí ó ń ṣàkóso, níbẹ̀ ni a ti lè rí i kedere, láìsí pé ẹnikẹ́ni yóò sọ pé nítorí àwọ̀ ara ni.

Ìlú kan ṣoṣo ni a óò mú, kí ọ̀rọ̀ má bàa fẹ̀ jù wá lọ. Strokestown ni orúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Roscommon, ní apá ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì. Ìlú kékeré ni, oko ni ó yí i ká, ṣùgbọ́n òpópónà rẹ̀ fẹ̀ bí ẹni pé olú-ìlú ni. Ẹni tí ó bá tọ òpópónà náà dé òpin yóò kan ẹnu-ọ̀nà gàgàrà kan, lẹ́yìn ẹnu-ọ̀nà náà ni ilé ńlá onílẹ̀ wà. Ìdílé Mahon ni ó ni ín. Ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ baba wọn. Lẹ́yìn ogun tí Cromwell fi run Írẹ́lándì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ó bọ́ sí wọn lọ́wọ́; ìdílé O'Conor ni ó ti ń ṣe olórí níbẹ̀ rí. Láti ìgbà náà ni ọmọ onílẹ̀ ti di ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ tí a sin baba ńlá rẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣákọ́lẹ̀ nílé wa, ẹ má fi wé tiwọn. Ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn baba wa mọ̀, iṣu díẹ̀ ni, tàbí kòkó díẹ̀, tàbí owó tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí a fi hàn pé a kò gbàgbé ẹni tí ó ni ilẹ̀. Tiwọn, owó gidi ni, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹni tí kò bá sì rí i san a pàdánù ilẹ̀, a sì pàdánù ilé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sórí ilẹ̀ náà. Onílẹ̀ a gbé ilẹ̀ fún alágbàtà. Alágbàtà a gé e sí wẹ́wẹ́, a gbé e fún àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó rí jájẹ díẹ̀ a tún gé etí oko rẹ̀ fún alágbàṣe tí kò ní nǹkankan. Olúkúlùkù ń jẹ èrè lára ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkà óòtì tí àgbẹ̀ gbìn, ẹlẹ́dẹ̀ tí ó sìn, inú ìṣákọ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ láti jẹ: ànàmọ́ òyìnbó, èyí tí àwọn ará ọjà wa ń pè ní pòtétò. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti gbé àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Kò fẹ́ ilẹ̀ púpọ̀, ó sì ń ta dáadáa. Ìdílé kan lè fi éékà kan tàbí kí ó lé díẹ̀ jẹun fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Nítorí náà ni ilẹ̀ tálákà ṣe ń kéré sí i, tí ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń ga sí i, nítorí ẹni tí ń gba owó ti mọ̀ pé ènìyàn lè ti ara ilẹ̀ kékeré yè.

Ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án ọdún 1845, àrùn kan tí ó ti òkè òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ànàmọ́ náà. Ewé a dúdú, èyí tí ó wà nínú ilẹ̀ a rà, òórùn rẹ̀ a gba gbogbo oko. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ lóde òní pé ohun kan tí ó fara jọ ẹbu, tí afẹ́fẹ́ àti òjò ń gbé kiri, ni ó fà á. Nígbà náà kò sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn. Àwọn baba wa tí ìjọba àmúnisìn gé igi kòkó wọn ní àwọn ọdún 1940 nítorí àrùn mọ bí ó ti máa ń rí lára àgbẹ̀ nígbà tí ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú rẹ̀. Ní 1845, apá kan ìkórè ni ó bàjẹ́. Ní 1846, ọdún náà gan-an tí Townsend àti Àjàyí Crowther wọ Abẹ́òkúta, díẹ̀ ló kù kí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Ní 1847 àrùn náà rọjú, ṣùgbọ́n ebi ti mú kí àwọn ènìyàn jẹ èyí tí wọn ìbá fi ṣe irúgbìn, nítorí náà ohun tí a gbìn kò tó nǹkan. Ní 1848 ó tún padà dé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sílẹ̀ níhìn-ín. Àrùn kan náà jẹ ànàmọ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó jẹ ẹ́ ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, ó jẹ ẹ́ ní òkè Scotland. Ènìyàn kú níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó ti Írẹ́lándì. Ohun tí ó mú ìyàtọ̀ náà wá ni a ń wá lọ sí Strokestown.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, àwọn àgbẹ̀ abúlé Cloonahee, lórí ilẹ̀ Mahon, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan. Ìwé náà wà títí di òní. Wọn kò tọrọ oúnjẹ ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n tọrọ. Wọ́n wí pé àwọn ọmọ àwọn ń jìyà lójú àwọn, pé àwọn kò lè fara da igbe wọn pẹ́ mọ́, pé ànàmọ́ ti rà, ọkà kò sì sí. Wọ́n bi àwọn ọlọ́lá tí wọ́n kọ ọ́ sí léèrè bóyá kí àwọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà ipá ni. Wọ́n sì fi kún un pé àwọn kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú ohun tí ó lòdì sí òfin Ọlọ́run tàbí òfin ilẹ̀, àfi bí ebi bá tì wọ́n sí i. Bí a bá ka ìwé náà lónìí, ohun tí ó yani lẹ́nu ni bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti tutù tó. Ẹni tí ebi ń pa ni ó ń fi sùúrù ṣàlàyé fún ẹni tí ó yó.

Iṣẹ́ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ wo? Peel, tí ó jẹ́ olórí ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí àrùn náà kọ́kọ́ dé, ti ra àgbàdo £100,000 láti Amẹ́ríkà kí iye owó oúnjẹ má bàa ga jù. Ní àárín ọdún 1846, Russell gba ipò rẹ̀, ọ̀ràn ìyàn sì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀gá kan ní ilé ìṣúra ìjọba, Charles Trevelyan. Ìgbàgbọ́ àwọn wọ̀nyí ni pé kí ìjọba má fi ọwọ́ kan ọjà. Kí oníṣòwò ṣe òwò rẹ̀, kí ẹni tí ebi ń pa lọ ṣiṣẹ́ kí ó fi owó ra oúnjẹ. Ni wọ́n bá kó àwọn ènìyàn jọ láti fọ́ òkúta àti láti la ọ̀nà, ní ìgbà òtútù tí yìnyín bo ilẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1847, àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Írẹ́lándì ju 700,000 lọ. Òmíràn nínú àwọn ọ̀nà náà kò já sí ibì kankan. Owó ojúmọ́ kan kò ju nǹkan bí sílè kan dín díẹ̀ lọ, a sì máa ń pẹ́ kí a tó san án, nígbà tí iye tí à ń ta ìyẹ̀fun àgbàdo ń gòkè lójoojúmọ́. Ọkùnrin a fi agbára tí oúnjẹ fún un fọ́ òkúta, owó tí ó gbà kò sì lè ra oúnjẹ tí yóò dá agbára náà padà.

Níbi iṣẹ́ yìí ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà. Ìwé àṣẹ ni a ń gbà kí a tó ríṣẹ́, ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ àdúgbò ni ó sì ń yan àwọn tí yóò gbà á: àwọn onílẹ̀, àwọn aṣojú wọn, àlùfáà, àti àwọn àgbẹ̀ tí ọwọ́ wọn tẹ́nu. Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ káàkiri ni pé ẹni tí ó ní ènìyàn nínú ìgbìmọ̀ a rí ìwé gbà, bí ó tilẹ̀ ní màlúù lẹ́yìn ilé, tí opó tí kò ní ẹnìkan a sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn olówó èlé, irú àwọn tí a ń pè ní sọ́gundógójì, ń yá àwọn ènìyàn ní ìyẹ̀fun, wọ́n sì ń gba ilẹ̀ tàbí ẹran ọ̀sìn wọn bí wọn kò bá rí i san. Àgbẹ̀ tí ó ní ogún éékà tàbí ọgbọ̀n ń lé alágbàṣe kúrò ní etí oko rẹ̀, nítorí kò ní agbára láti bọ́ ọ mọ́. A kì yóò parọ́ fún yín pé onílẹ̀ nìkan ni ó ṣìkà. Ebi sọ aládùúgbò di ọ̀tá aládùúgbò, ẹni tí ó sì jèrè lára ilẹ̀ ẹni tí a lé, ọmọ ìlú kan náà ni nígbà púpọ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, oúnjẹ ń jáde kúrò ní Írẹ́lándì. Ọkà óòtì, bọ́tà, màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ń lọ sí èbúté, a sì ń kó wọn wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí àwọn ènìyàn bá ti fẹ́ dá kẹ̀kẹ́ ẹrù dúró, sójà a tẹ̀ lé e. Kí a má ṣe àsọdùn: ní 1847, ọkà tí a kó wọlé ju èyí tí a kó jáde lọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù tí ó ṣáájú, nígbà tí ọkà ilẹ̀ òkèèrè kò tíì dé, ọkà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn ni ó kọjá níwájú ilé wọn.

Ìgbà kan wà tí ìjọba fi hàn pé òun lè bọ́ àwọn ènìyàn. Nígbà tí ó rí i pé iṣẹ́ ọ̀nà kò gba ẹ̀mí là, ó dá ilé ìdáná ọbẹ̀ sílẹ̀ káàkiri. Ní oṣù keje ọdún 1847, nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù mẹ́ta ni ó ń jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ gbọ́, mílíọ̀nù mẹ́ta, láyé ìgbà tí kò sí tẹlifóònù tàbí mọ́tò. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ti gbogbo ilé ìdáná náà pa. Wọ́n ní ìyàn ti tán. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ará Írẹ́lándì ni kí ó fi owó ara rẹ̀ bọ́ òtòṣì Írẹ́lándì.

Òfin tí wọ́n fi ṣe èyí, ní oṣù kẹfà ọdún 1847, ni a fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa, nítorí ó pa ju àrùn lọ. Ẹsẹ kan wà nínú rẹ̀ tí William Gregory, aṣòfin kan tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ onílẹ̀, mú wá. Ó wí pé ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀ tí ó ń dá bá ju ìdámẹ́rin éékà kan lọ, kò gbọdọ̀ rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Bí ebi bá ń pa ọ́, tí o sì ní éékà méjì, ohun méjì ni o lè ṣe: kí o di ilẹ̀ rẹ mú kí o kú lé e lórí, tàbí kí o fi í sílẹ̀ fún onílẹ̀ kí o lè jẹun. Ẹni tí ó bá sì ti fi í sílẹ̀ kò ní rí i mọ́ láéláé, bí àrùn tilẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀.

Ẹsẹ kejì ti wà ṣáájú ìyàn, ṣùgbọ́n ìgbà ìyàn ni oró rẹ̀ jáde. Owó òde ni a fi ń bọ́ àwọn aláìní ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Lórí ilẹ̀ tí a bá dá iye rẹ̀ lé £4 lọ́dún tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, onílẹ̀ ni yóò san gbogbo owó òde náà, kì í ṣe ẹni tí ń dá oko níbẹ̀. Ẹ lè rò pé inú rere ni èyí sí tálákà. Ẹ wò ó dáadáa. Onílẹ̀ tí ó ní ọgọ́rùn-ún tálákà lórí ilẹ̀ rẹ̀ kò rí ìṣákọ́lẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn mọ́, ó sì tún ń san owó òde lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ó bá lé wọn, tí ó wó ilé wọn, tí ó so oko wọn pọ̀ di pápá màlúù kan ṣoṣo, owó òde náà bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Òfin kò pàṣẹ pé kí ó lé ẹnikẹ́ni. Ó kàn jẹ́ kí lílé wọn ní èrè, kí àánú wọn sì di gbèsè.

Èyí ni Ọ̀gágun Denis Mahon bá pàdé. Ní òpin ọdún 1845 ni ó jogún ilẹ̀ Strokestown. Ìbátan rẹ̀ tí ó ni ín ṣáájú ti ní àrùn ọpọlọ fún ọdún púpọ̀, àwọn ará ilé sì ti ń ṣe ẹjọ́ lórí ilẹ̀ náà. Nítorí náà gbèsè pọ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ọdún púpọ̀ sì wà nílẹ̀ tí ẹnìkan kò san. Ní Ballykilcline, ilẹ̀ Adé tí ó wà nítòsí, àwọn àgbẹ̀ ti kọ̀ láti san ìṣákọ́lẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Mahon gbé ìtọ́jú ilẹ̀ náà lé ìbátan rẹ̀ kan lọ́wọ́, John Ross Mahon, ọkùnrin tí ó mọ ìṣirò. Ọkùnrin yìí jókòó, ó ṣírò rẹ̀: iye tí yóò náni láti bọ́ àwọn tálákà náà fún ọdún kan ṣoṣo ní ilé àwọn aláìní, àti iye tí yóò náni láti kó wọn sínú ọkọ̀ lọ sí Kánádà. Ó rí i pé ọkọ̀ kò gbà ju nǹkan bí ìdajì lọ. Ní ti ìṣirò, kò ṣì í rárá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1847, àwọn ará Strokestown tí iye wọn jẹ́ 1,490 kúrò nílé, tọkọ taya àti ọmọ, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Dublin ní ẹ̀bá odò tí a fi ọwọ́ gbẹ́. Ìrìn náà lé ní 100 máìlì. Ìránṣẹ́ onílẹ̀ bá wọn lọ dé èbúté kí ẹnikẹ́ni má bàa padà sẹ́yìn. Láti Dublin wọ́n kọjá sí Liverpool, láti Liverpool a pín wọn sínú ọkọ̀ mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn, Virginius, gbéra ní ìparí oṣù náà pẹ̀lú ènìyàn 476. Oṣù méjì ni ó lò lórí òkun. Nígbà tí ó fi gúnlẹ̀ sí erékùṣù Grosse Île, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn àlejò wò kí wọ́n tó wọ Kánádà, 158 ti kú, a sì ti jù wọ́n sínú òkun. Dókítà tí ó gbà wọ́n níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú àwọn tí ó kù, àwọn tí ara wọn le kò pé mẹ́wàá. Ibà tífọ́ọ̀sì ni, èyí tí iná ara ń gbé láti ara ènìyàn kan dé ara èkejì níbi tí èrò bá ti há. Lọ́dún náà nìkan, àwọn tí a sin sí erékùṣù kékeré yẹn ju 5,000 lọ.

Ìròyìn padà dé ilé. Ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀ ní Strokestown pé ọkọ̀ jíjẹrà ni Mahon mọ̀ọ́mọ̀ kó àwọn ènìyàn sí kí wọ́n lè kú. A kò rí ẹ̀rí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun wà nínú òkun kò ní jókòó wá ẹ̀rí. Láàárín àkókò náà, lílé àwọn tí ó kọ̀ láti lọ ń tẹ̀ síwájú. A ń yọ òrùlé, a ń wó ògiri, a sì ń kìlọ̀ fún aládùúgbò pé bí ó bá gba ẹni tí a lé sílé, wọn yóò lé òun náà.

Mahon ti wà lókè òkun fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí àwọn nǹkan wọ̀nyí ń lọ. Nígbà tí ó padà, ní oṣù kẹjọ, gbólóhùn asọ̀ ńlá ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti fádà ìlú náà, Michael McDermott, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìrànwọ́. Ẹlẹ́sìn Pùròtẹ́sítáǹtì ni onílẹ̀, ọmọ ìjọ Àgùdà ni àwọn tí a ń lé. Nítorí náà asọ̀ náà kì í ṣe ti ènìyàn méjì. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ọ̀rẹ́ onílẹ̀ sọ pé fádà dúró lórí pẹpẹ, ó fi Mahon wé Cromwell, ó sì ní ó ṣe jẹ́ pé ó ṣì wà láàyè. Fádà wí pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1847, ní ìrọ̀lẹ́, Mahon ń ti Roscommon bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, dókítà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìpàdé àwọn alábòójútó ilé àwọn aláìní ni ó lọ, níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà kí ilé náà má bàa tì pa. Ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní Doorty, ìbọn dún láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó kú lójú ẹsẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n dá iná ńlá lórí àwọn òkè tí ó yí ìlú ká.

Àwọn kan fẹ́ kí a wí níhìn-ín pé ó tọ́ sí i. A kì yóò wí i. Àwọn tí ó dá iná yọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kò rí éékà kan gbà padà. Ọkùnrin tí ó kú kì í ṣe èyí tí ó burú jù nínú àwọn onílẹ̀ Írẹ́lándì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lé àwọn ènìyàn jáde láìsan kọ́bọ̀ fún ọkọ̀, Mahon sì ná nǹkan bí £4,000 lórí ọkọ̀. Ohun tí ó mú wa sọ ìtàn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí onílẹ̀ bá jẹ́ ìkà, a lè rọ́ gbogbo ẹ̀bi náà lé e lórí kí a sì lọ sùn. Mahon ṣe ohun tí ìṣirò wí, lábẹ́ òfin tí Lọ́ńdọ̀nù ṣe, ó sì rò pé òun ń ṣe wọ́n lóore.

Ẹ wá wo bí ìjọba ti gbọ̀n nígbà tí ẹni kan kú. Àwọn olóyè fi ohùn rara sọ̀rọ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí oṣù kejìlá tó parí, òfin tuntun ti jáde fún ìtẹ̀rì àwọn ará Írẹ́lándì, sójà àti ọlọ́pàá sì kún àgbègbè náà. Ní 1848, a yẹgi fún Patrick Hasty àti James Cummins ní ìlú Roscommon lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n rí àwọn tí ó pa Mahon. Ní ọdún náà, Bíṣọ́ọ̀bù Browne, ẹni tí Strokestown wà lábẹ́ rẹ̀, tẹ ìwé kan jáde fún gbogbo ayé láti kà, ó to àwọn ìdílé tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ Mahon sínú rẹ̀ ní abúlé ní abúlé: ènìyàn 3,006. Kò sí ilé ẹjọ́ tí ó jókòó lórí ìwé yẹn. John Ross Mahon lọ jókòó sí Dublin, láti ibẹ̀ ni ó ti ń darí iṣẹ́, wọ́n sì ń lé àwọn ènìyàn lọ. Ìjọba kó àwọn ará Ballykilcline pẹ̀lú lọ sí Niu Yọ́ọ̀kì.

Ní ti owó, nǹkan bí £8,000,000 ni ìjọba Lọ́ńdọ̀nù yọ sílẹ̀ fún gbogbo ìyàn náà, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀yáwó. Ní 1833, ìjọba kan náà ti fọwọ́ sí £20,000,000 fún àwọn olówó ẹrú, kí a fi tù wọ́n nínú nítorí pé a dá àwọn ẹrú wọn sílẹ̀. Àwọn ẹrú náà, tí ẹ̀yà tiwa wà nínú wọn, kò gba kọ́bọ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé owó ni kò sí.

Nígbà tí wọ́n ka iye ènìyàn ní Írẹ́lándì ní 1841, wọ́n ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Ní 1851, wọ́n jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ni ó kú. Àwọn tí ó sá kúrò nílé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìpínlẹ̀ Mayo, tí ó bá Roscommon pààlà, wọ́n lé ìdílé kan jáde ní 1850, ọmọ wọn ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Michael Davitt ni orúkọ rẹ̀. Ìdílé náà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ òwú ti gé e lápá nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ní 1879, ó padà wá, ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀ràn ilẹ̀. Wọn kò yìnbọn lu onílẹ̀. Wọ́n pa ohùn pọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba oko tí a ti lé ẹlòmíràn kúrò, ẹni tí ó bá sì gbà á, kí ẹnikẹ́ni má bá a rà, kí ẹnikẹ́ni má bá a tà. Ìyẹn gan-an ni wọn kò lè ṣe ní 1847. Òfin ọdún 1881 ni ó dá onílẹ̀ lọ́wọ́ kọ́, ti ọdún 1903 ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ra ilẹ̀ tí wọ́n ń dá.

Ìdílé Mahon wà nínú ilé ńlá Strokestown títí di ọdún 1979. Oníṣòwò kan, ọmọ ìlú náà, ni ó rà á lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ tí yóò lò fún òwò rẹ̀ ni ó ń wá. Nínú yàrá tí àwọn akọ̀wé ilẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ rí, ó bá ìwé jọjọ: ìwé ìṣákọ́lẹ̀, ìwé orúkọ àwọn tí a lé, àti ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn ará Cloonahee. Ó kà á tán, ó sì dáwọ́ ohun tí ó fẹ́ fi ilé náà ṣe dúró. Ní 1994 a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìyàn níbẹ̀, ìwé àwọn ará Cloonahee sì wà lára ohun tí a tọ́jú síbẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé tí a fi mọ ìtàn àwọn tálákà yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó lé wọn ni a ti rí i.

Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó dìde.